Àwọ̀ Aṣọ-Ẹbí Ń Yí Padà Lójú Mọ́nítọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ibi Tí Àṣìṣe Ti Ń Wọlé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya ìgbéyàwó ní Abuja àti àyíká rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ ṣe fọ́tò tán, ẹ fi ránṣẹ́, kò pẹ́ ni ìyá ìyàwó pè: "Ọmọ mi, o káre o, àmọ́ àwọ̀ aṣọ tí a dá kọ́ nìyí. Wáìnì la rà. Èyí tí mò ń wò yìí ti di pupa." Lójú mọ́nítọ̀ yín, wáìnì ni. Lójú fóònù wọn, ó ti di nǹkan mìíràn. Nígbà tí lab bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó tún di ẹ̀kẹta.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó padà sínú Lightroom, sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe fọ́tò, a ó máa fa Temperature tó ń mú fọ́tò yẹ́lò tàbí búlúù sọ́tùn-ún sósì títí ojú á fi rẹ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Kí àwọ̀ tó dé ojú yín, ó ti gba ọwọ́ Photoshop kọjá, ó gba ọwọ́ Windows, ó gba inú wáyà, kó tó dé ara mọ́nítọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń purọ́, àtúnṣe tí ẹ ń ṣe sí fọ́tò yẹn, irọ́ lẹ fi ń bo irọ́. Ẹ jẹ́ kí a wá òpùrọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, láti ìta wọlé. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó wò ó. Tí ẹ bá yí mẹ́ta pọ̀ tí ó sì dára, ẹ kò ní mọ èyí tó wo àìsàn náà.

Ẹ kọ́kọ́ ní fọ́tò àyẹ̀wò tí ẹ mọ̀ dénú

Ẹ kò lè fi fọ́tò oníbàárà ṣe àyẹ̀wò, torí ẹ kò ní aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti fi wé e. Káàdì ColorChecker tó ní àwọ̀ 24 lójú dára púpọ̀, àmọ́ ó wọ́n. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ tiwa ni aṣọ òkè. Ẹ wá ègé mẹ́ta: ẹtù, àlàárì àti sányán. Kí ó jẹ́ èyí tí wọn kò hun òwú dídán mọ́, torí òwú dídán máa ń yí àwọ̀ padà bí ẹ bá ṣe yí i sí ìmọ́lẹ̀.

Ẹ tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fi ègé léèsì funfun kan àti káàdì eérú (grey card) tì wọ́n, kí ẹnì kan sì jókòó tì wọ́n kí ara èèyàn lè wà nínú fọ́tò náà. Ìta ni kí ẹ ti yà á, lábẹ́ ibòji, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, láìlo fíláàṣì, kí ẹ sì fi RAW yà á, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Lásìkò ọyẹ́, eruku inú afẹ́fẹ́ á ti yí ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà díẹ̀, àmọ́ káàdì eérú á tún un ṣe. Tí ẹ bá ti gbé e sínú Lightroom tàbí Camera Raw, ẹ mú irinṣẹ́ White Balance, ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí káàdì eérú náà, ẹ má sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ kó aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́ yín. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ ti ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta.

Ẹtù ló ń jẹ́rìí nípa òkùnkùn. Aró rẹ̀ jìn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àmọ́ kì í ṣe dúdú: ilà tín-ín-rín tó mọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, búlúù sì ń yọ lábẹ́. Ẹ gbé e sójú fèrèsé, ẹ ó rí i. Tí mọ́nítọ̀ bá wá fi gbogbo rẹ̀ hàn bí èédú, tí ilà yẹn sọnù, nǹkan kan ń gbé òkùnkùn mì lójú ọ̀nà.

Àlàárì ń jẹ́rìí nípa àwọ̀ tó ki. Láyé àtijọ́, sílíìkì tí wọ́n fi ń hun ún máa ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà wọ Kano kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa. Pupa rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì wúwo. Tí ó bá ń ta yòò lójú mọ́nítọ̀, tí ẹ kò rí ojú òwú mọ́, mọ́nítọ̀ yín ń fi àwọ̀ kún àwọ̀.

Sányán ló ṣòro láti tàn jẹ jù. Àwọ̀ rẹ̀ rọlẹ̀, ó súnmọ́ eérú, nítorí náà tí yẹ́lò, pínkì tàbí àwọ̀ ewé díẹ̀ bá wọlé, ara rẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ hàn. Ẹ máa wo sányán kí ẹ tó wo ojú èèyàn, torí ojú èèyàn máa ń dára lójú wa kódà nígbà tó bá ti pọ́n jù.

Mọ́nítọ̀ àti yàrá tó wà

Ẹ tan mọ́nítọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹ nu ojú rẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń sọ dúdú di eérú, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano àti Kaduna sì mọ bó ṣe ń tètè padà. Aṣọ microfibre gbígbẹ ló dára jù. Tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi omi díẹ̀ sí aṣọ náà, kì í ṣe sí ara mọ́nítọ̀. Ẹ má fi oògùn ìnudígí tó ní ammonia kàn án.

Oòrùn ọ̀sán kò gbọdọ̀ bọ́ sójú mọ́nítọ̀ tààrà. Nínú yàrá tó mọ́lẹ̀ jù, fọ́tò á dà bíi pé ó ṣókùnkùn, ẹ ó sì máa fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Nínú yàrá tó ṣú biribiri, òdìkejì rẹ̀ lẹ ó ṣe. Gílóòbù funfun kan náà ni kí ẹ máa lò, kí ó wà lẹ́yìn tàbí lókè yín, kí ó má tàn sójú mọ́nítọ̀. Tí ògiri ẹ̀yìn yín bá jẹ́ àwọ̀ líle, ẹ fi aṣọ àwọ̀ eérú bò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì abẹ́ mọ́nítọ̀. Ẹ kúrò lórí Vivid, Movie tàbí Game. Ẹ pa Dynamic Contrast. Ẹ pa Low Blue Light tàbí Eye Care, torí iṣẹ́ wọn gan-an ni láti sọ funfun di yẹ́lò. Tí ó bá ní sRGB, ìyẹn òṣùwọ̀n àwọ̀ gbogbogbòò, ẹ yan sRGB. Tí kò bá ní, ẹ yan Custom tàbí User, kí Color Temperature wà ní 6500K.

Ìmọ́lẹ̀ wá kù, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ pọ̀ sí jù lọ. Tí gbogbo fọ́tò yín bá ń ṣókùnkùn nígbà tí lab bá tẹ̀ ẹ́, tí ó sì mọ́lẹ̀ rekete lójú mọ́nítọ̀, ẹ má tíì bá lab jà. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ lè mọ́lẹ̀ dé 250 cd/m² (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀, 80 sí 120 ni iṣẹ́ fọ́tò tí a fẹ́ tẹ̀ sórí bébà ń fẹ́. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lójú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó yẹn á máa rọ fọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ láìmọ̀, bébà á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Tí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ ṣí ojú ewé funfun kan nínú Photoshop, ẹ mú bébà A4 funfun dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀ lábẹ́ gílóòbù yàrá yín, ẹ máa dín Brightness kù títí funfun méjèèjì á fi súnmọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, á dà bíi pé mọ́nítọ̀ ti kú. Ẹ fara dà á, ojú yín á mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ní ọjà ẹ̀rọ Emab tàbí Banex ní Abuja. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n ṣí ojú ewé funfun tó kún gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: tí igun kan bá yẹ́lò ju àárín lọ, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó, kò sì sí ètò tó lè tún un ṣe. Ẹ ṣí fọ́tò èèyàn, ẹ dìde dúró, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí àwọ̀ ojú ẹni náà bá ń yí bí ẹ ṣe ń dìde tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ TN, irú ojú mọ́nítọ̀ tó ń yí àwọ̀ bí ẹ bá kúrò níwájú rẹ̀. IPS, irú tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí bẹ́ẹ̀, ni kí ẹ bèèrè. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ náà, ẹ fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Mo gbà pé IPS àtijọ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì dọ́gba sàn ju TN tuntun lọ fún iṣẹ́ yìí.

Iná lọ, àwọ̀ yí padà

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà, ní pàtàkì ẹ̀yin tí ẹ ń fi láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́, torí ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé a fura. Ẹ ń ṣe fọ́tò lọ́wọ́, iná lọ. Láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì. Ìmọ́lẹ̀ dín kù, ìyẹn kò ṣòro láti rí. Ohun tí kò hàn ni pé ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ní ètò kan tó ń wo ohun tó wà lójú rẹ̀, tó ń dín iná ẹ̀yìn kù, tó sì ń fa apá tó mọ́ nínú fọ́tò sókè láti fi dí i, kí bátìrì lè pẹ́. Bí ẹ bá ṣí fọ́tò tó ṣókùnkùn, ó ṣe ohun kan. Bí ẹ bá ṣí èyí tó mọ́lẹ̀, ó ṣe òmíràn. Ẹ lè fi wákàtí kan ṣe fọ́tò gbọ̀ngán lórí bátìrì, kí iná dé, kí gbogbo rẹ̀ wá yàtọ̀ lójú yín.

Bí ẹ ṣe máa pa á nìyí. Nínú Windows 11, ẹ lọ sí Settings, System, Display, ẹ ṣí Brightness. Tí ẹ bá rí Change brightness based on content, ẹ yan Off. Tí ẹ̀rọ yín bá ń lo Intel, ẹ ṣí Intel Graphics Command Center, ẹ lọ sí System, Power, ẹ pa Display Power Savings lábẹ́ On Battery. Ti AMD ń jẹ́ Vari-Bright. Inú AMD Software lẹ ó ti pa á. Lórí Mac, inú Battery, lábẹ́ Options, ni ẹ ó ti rí èyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù tí iná bá lọ.

Bí ẹ ṣe wà nínú ètò Display yẹn, ẹ pa Night light. Ètò yìí máa ń tan ara rẹ̀ lálẹ́, ìyẹn ló fà á tí fọ́tò tó dára lọ́sàn-án fi máa ń pọ́n lálẹ́ fún àwọn kan. Lórí Mac, Night Shift àti True Tone lẹ ó pa. Ẹ pa HDR pẹ̀lú, àyàfi tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ HDR gan-an. Tí ẹ bá ti fi f.lux, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Night light, sórí ẹ̀rọ rí, ẹ yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo mọ́nítọ̀ tó dá dúró tí kò sí lórí inverter, ohun mìíràn tún wà. Àtúnṣe tí ẹ̀rọ ìwọn-àwọ̀ bá ṣe, inú káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé apá kan nínú rẹ̀ sí nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Tí mọ́nítọ̀ bá kú lójijì tó sì padà tàn, tàbí tí kọ̀ǹpútà sùn tó sì jí, àtúnṣe yẹn lè já bọ́ láìsí ìkìlọ̀. Tí ẹ bá rí i pé funfun yàtọ̀ sí ti àárọ̀ lẹ́yìn tí iná lọ tó dé, ẹ kọ́kọ́ tún kọ̀ǹpútà tàn. Tí ó bá bọ́ sípò, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Kí mọ́nítọ̀ náà wà lórí UPS tàbí inverter, ìyẹn ni ojútùú tó pẹ́.

Wáyà

Kíákíá ni èyí. HDMI lè gbé àwọ̀ lọ ní ọ̀nà méjì: láti 0 tó jẹ́ dúdú dé 255 tó jẹ́ funfun, tàbí láti 16 dé 235 gẹ́gẹ́ bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ṣe. Tí kọ̀ǹpútà bá fi 16 sí 235 ránṣẹ́ tí mọ́nítọ̀ sì ń retí gbogbo rẹ̀, dúdú á di eérú, fọ́tò á ṣá. Tí ó bá jẹ́ òdìkejì, ẹtù yín á di èédú. Nínú NVIDIA Control Panel, ẹ lọ sí Change resolution, kí Output color format jẹ́ RGB, kí Output dynamic range jẹ́ Full. Nínú ti AMD, Pixel Format lẹ ó yí sí RGB 4:4:4 tó jẹ́ Full RGB. Ti Intel ń jẹ́ Quantization Range. Tí mọ́nítọ̀ yín bá ní DisplayPort, ẹ lo ìyẹn, ìṣòro yìí kì í sábà yọjú níbẹ̀. Ẹni tó ń lo tẹlifíṣọ̀n gẹ́gẹ́ bíi mọ́nítọ̀ gbọ́dọ̀ yí orúkọ ihò HDMI náà sí PC tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bá gbà á.

Funfun di yẹ́lò nínú Photoshop nìkan

Ẹ ṣí fọ́tò kan náà nínú Paint àti nínú Photoshop. Tí funfun bá mọ́ nínú Paint, tí ó sì yẹ́lò nínú Photoshop àti Lightroom, ẹ má tún Photoshop fi sórí ẹ̀rọ. Profile mọ́nítọ̀ yín ló bàjẹ́. Profile yìí ni ìwé tí Photoshop ń kà láti mọ irú ẹni tí mọ́nítọ̀ jẹ́. Paint kì í kà á, ìyẹn ni kò fi kàn án. Nígbà mìíràn, Windows Update tàbí driver tuntun (sọ́fítíwíà tó ń darí káàdì àwòrán) ló máa ń gbé èyí tí kò dára wọlé láìsọ fún yín. Photoshop tilẹ̀ lè kìlọ̀ fún yín nígbà tí ẹ bá ṣí i pé profile náà ní àbùkù.

Ẹ pa Photoshop àti Lightroom. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ colorcpl, ẹ tẹ Enter. Níbi Device, ẹ yan mọ́nítọ̀ yín. Tí ó bá ju ẹyọ kan lọ, Identify monitors á fi nọ́ńbà hàn lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi àmì sí Use my settings for this device. Ẹ tẹ Add, ẹ yan sRGB IEC61966-2.1, ẹ tẹ OK, ẹ wá tẹ Set as Default Profile. Ẹ tún Photoshop ṣí. Tí sányán bá padà sí àwọ̀ rẹ̀, ẹ ti rí i. Ẹ yọ profile àtijọ́ yẹn kúrò nínú àtòkọ.

Àmọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lèyí. sRGB yẹn ń sọ fún Photoshop pé mọ́nítọ̀ yín dọ́gba pẹ̀lú òṣùwọ̀n gbogbogbòò, bẹ́ẹ̀ ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Tí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ èyí tó gba àwọ̀ púpọ̀ ju sRGB lọ, ẹ gbọ́dọ̀ yan sRGB nínú bọ́tìnnì abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àlàárì yín á máa jó bí iná.

Inú Photoshop àti Lightroom

Ẹ tẹ Ctrl+Shift+K kí Color Settings ṣí. Níbi Working Spaces, kí RGB jẹ́ sRGB IEC61966-2.1 tí iṣẹ́ yín bá ń lọ sí fóònù àti lab. Ẹ má ṣe yan Monitor RGB tàbí profile mọ́nítọ̀ yín síbẹ̀ láé. Mo mọ̀ pé ó dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ profile mọ́nítọ̀ jẹ́ ti mọ́nítọ̀ yín nìkan, kò yẹ kó bá fọ́tò jáde nílé. Lábẹ́ Color Management Policies, ẹ yan Preserve Embedded Profiles, ẹ sì fi àmì sí àwọn ibi tó ní kí Photoshop bi yín tí profile kò bá bára mu tàbí tí kò bá sí rárá.

Ẹ máa ya Assign Profile sọ́tọ̀ kúrò lára Convert to Profile. Convert máa ń yí nọ́ńbà inú fọ́tò kí ìrísí rẹ̀ má baà yí. Assign kò fọwọ́ kan nọ́ńbà, ìtumọ̀ wọn ló ń yí, ìrísí á sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Tí fọ́tò bá wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìní profile, tí ó rí ṣíṣá, ó lè jẹ́ Adobe RGB, òṣùwọ̀n tó gba àwọ̀ ju sRGB lọ, tí profile rẹ̀ ti jábọ́: ẹ fi Assign gbé Adobe RGB (1998) lé e, ẹ wò ó bóyá àwọ̀ á padà. Tí ó bá padà, ẹ wá fi Convert gbé e lọ sí sRGB. Fún gbogbo ìgbà yòókù, Convert lẹ nílò.

Ẹ wo orúkọ fọ́tò lókè fèrèsé rẹ̀. Tí ẹ bá rí CMYK lẹ́yìn RGB/8, Proof Colors ló wà ní títàn, ó ń fi bí àwọ̀ ṣe máa rí lórí bébà hàn yín. Ctrl+Y ló ń tàn án tó sì ń pa á, ìka máa ń ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.

Nínú Lightroom, ohun kan wà tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn láìnídìí: fọ́tò RAW ṣí, ó dára, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ yí. Mọ́nítọ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. JPEG kékeré tí kámẹ́rà fi pamọ́ sínú RAW lẹ kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni Lightroom fi ọwọ́ ara rẹ̀ se é. Tí ti kámẹ́rà bá wù yín jù, ẹ lọ sí Profile nínú Develop, ẹ ṣí Camera Matching, ẹ yan Camera Standard tàbí Camera Portrait. Àmọ́ tí Library àti Develop bá yàtọ̀ síra gan-an lórí fọ́tò kan náà, ẹ padà lọ wo profile mọ́nítọ̀. Tí ìyẹn náà bá dára, ẹ lọ sí Preferences, Performance, ẹ pa Use Graphics Processor, ẹ tún un ṣí. Tí ó bá dára báyìí, driver káàdì àwòrán yín ló ń fẹ́ àtúnṣe.

Ẹ wọn mọ́nítọ̀ náà gan-an

Windows ní Calibrate display nínú Color Management, lábẹ́ Advanced. Ó sàn ju kí a má ṣe nǹkan kan lọ, àmọ́ ojú lẹ fi ń ṣe é, ojú sì máa ń tètè gba ohun tó bá ń rí. Ẹ̀rọ ìwọn-àwọ̀ ni ojúlówó: Calibrite àti Datacolor Spyder ló wọ́pọ̀. Owó rẹ̀ kò kéré, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ayàwòrán mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ mọ ara yín ní Nyanya, Karu tàbí Gwarinpa lè dá àjọ rà á, kí ó máa yí láàárín yín lóṣooṣù. Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ tó ti pẹ́: awẹ́ àwọ̀ (filter) inú àwọn kan nínú wọn máa ń ṣá, ẹ̀rọ tó ti ṣá á sì fi ìdánilójú wọn nǹkan lọ́nà òdì.

Kí mọ́nítọ̀ ti wà ní títàn fún ìṣẹ́jú 30. Kí kọ̀ǹpútà wà lórí iná tó dájú, kí ẹ sì pa Sleep, torí tí ojú mọ́nítọ̀ bá kú lágbedeméjì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ nu ojú mọ́nítọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ náà kọ́ ọ lọ́rùn kí ó sùn pẹ́tí lójú rẹ̀, ẹ tẹ mọ́nítọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ yàrá má baà yọ́ wọlé lábẹ́. Sọ́fítíwíà á bi yín ní ohun mẹ́ta: funfun, ẹ yan D65 tàbí 6500K; gamma (bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gòkè láti dúdú dé funfun), ẹ yan 2.2; ìmọ́lẹ̀, ẹ yan 100 sí 120 cd/m². Á ní kí ẹ máa fi bọ́tìnnì abẹ́ mọ́nítọ̀ yí Brightness àti pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù títí yóò fi dọ́gba. Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ohun tí mọ́nítọ̀ bá fúnra rẹ̀ ṣe, káàdì àwòrán kò ní ní láti fi tipátipá ṣe é. Láptọ́ọ̀pù kò ní bọ́tìnnì yẹn, Brightness nìkan lẹ lè yí. Tí wọ́n bá bi yín ní irú profile, ẹ yan matrix àti version 2, ìyẹn kì í fa ìjà láàárín sọ́fítíwíà.

Tí sọ́fítíwíà tó bá ẹ̀rọ yín wá bá ti gbó, DisplayCAL wà lọ́fẹ̀ẹ́. ArgyllCMS tí Graeme Gill kọ ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Tí ó bá parí, ẹ mú aṣọ mẹ́ta yẹn jáde lójú ọ̀sán, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àyẹ̀wò. Wọn kò ní bára mu tán pátápátá, pàápàá láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú tí kò lè gbé gbogbo àwọ̀ sRGB. Ohun tí ẹ ń wá ni pé kí ilà ẹtù hàn, kí sányán má ní àbùlà, kí òwú àlàárì ṣeé rí. Ẹ má sì gbìyànjú láti mú kí láptọ́ọ̀pù àti mọ́nítọ̀ dọ́gba. Ẹ yan ọ̀kan tí ẹ ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Nígbà tí mọ́nítọ̀ kò jẹ̀bi

Àwọn aṣọ kan wà tí mọ́nítọ̀ tó dára jù kò lè gbà lọ́wọ́ wàhálà. Iná LED aláwọ̀ inú gbọ̀ngán lè sọ àlùkò di búlúù, kó sì pa gbogbo pupa inú rẹ̀ rẹ́. Ohun tí kò sí nínú ìmọ́lẹ̀, kámẹ́rà kò lè rí i. Léèsì funfun mìíràn ní oògùn tó ń mú kó tàn, fíláàṣì á sì sọ ọ́ di búlúù díẹ̀. Kámẹ́rà àti ojú èèyàn kì í rí àwọn aró kan bákan náà. Fún irú èyí, ẹ gba ègé aṣọ-ẹbí lọ́wọ́ aránṣọ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé, ẹ yà á níta pẹ̀lú káàdì eérú, kí ẹ ní ohun tí ẹ ó fi tún àwọ̀ aṣọ náà nìkan ṣe pẹ̀lú mask, láìfọwọ́ kan ojú èèyàn.

Kó tó jáde lọ́wọ́ yín

Fún WhatsApp àti Instagram: JPEG, sRGB, kí Embed Color Profile ní àmì. Adobe RGB tó bá bọ́ sọ́wọ́ áàpù tí kì í ka profile á ṣá, ara àwọn èèyàn á sì dà bíi pé wọ́n ń ṣàìsàn. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ fóònù Android máa ń wà lórí Vivid, ẹ lè rọ oníbàárà pé kí ó yí i sí Natural kó tó dá ẹjọ́.

Fún lab, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní profile bébà tí wọ́n ń lò. Tí wọ́n bá fún yín, ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ, ẹ tẹ S nínú Develop kí Soft Proofing tàn, ẹ yan profile náà, ẹ ó rí bí bébà ṣe máa gba àwọ̀ yẹn. Tí wọn kò bá ní, ẹ fi fọ́tò àyẹ̀wò yín tẹ 4×6 kan, kí ẹ sì sọ fún wọn gbangba pé kí wọ́n má ṣe correction kankan lórí rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lab máa ń fúnra rẹ̀ tún àwọ̀ ṣe. Ojú ọ̀sán, lábẹ́ ibòji, ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ bébà náà sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi í sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú aṣọ. Tí lab bá pààrọ̀ bébà tàbí ẹ̀rọ, ẹ tún tẹ òmíràn kí ẹ tó kó iṣẹ́ álíbọ́ọ̀mù fún wọn.